Candyman (1992): orí ta gan-an ni ègún yẹn wà?

ÒǹwòranÒru
Ẹ kú ìjókòó o ẹ̀yin ará. Mo tún Candyman wò lánàá, èyí tí Bernard Rose ṣe lọ́dún 1992, ìgbà kẹrin mi rèé, mi ò sì rí oorun sùn dáadáa, kì í ṣe torí ẹ̀jẹ̀ o, ìbéèrè kan ló gbé mi lọ́kàn tí ò jẹ́ n sinmi. Ẹni tí ò bá tíì wò ó kó tètè yà kúrò níbí, torí màá tú gbogbo ẹ̀ síta títí dé ìparí.

Fún àwọn tó ti pẹ́ tí wọ́n ti wò ó: Helen Lyle, Virginia Madsen ló ṣe é, wà ní yunifásítì ní Chicago, òun àti Bernadette ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń kó àwọn ìtàn táwọn èèyàn máa ń sọ fúnra wọn jọ, irú èyí tó jẹ́ pé ẹni tó ń sọ ọ́ ò sí níbẹ̀, ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ pé téèyàn bá dúró níwájú dígí tó pe Candyman lẹ́ẹ̀marùn-ún, ọkùnrin kan tó jẹ́ pé ìkọ́ irin ló wà níbi tó yẹ kí ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ wà á yọ sí i lẹ́yìn, ó parí fún onítọ̀hún nìyẹn. Helen pè é. Bernadette bẹ̀rẹ̀ àmọ́ kò parí ẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, nǹkan kan ò ṣe wọ́n.

Ohun tó ń dà mí láàmú wá rèé. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé ẹni tó bá pe orúkọ yẹn ni ègún wà lórí ẹ̀. Àmọ́ ẹ wò ó: Bernadette tí ò parí ìpè ló kọ́kọ́ kú, Helen tó parí ẹ̀ wà láyé títí fíìmù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Candyman ò sì yọjú lọ́jọ́ tí wọ́n pè é. Ìgbà wo ló wá? Ìgbà tí Helen ti jẹ́ kí pọ́lísì mú ọmọ gáǹgì kan tó ń fi orúkọ Candyman halẹ̀ mọ́ àwọn èèyàn Cabrini-Green, ilé ìjọba táwọn tálákà ń gbé ní Chicago, tó sì ti sọ fún Jake, ọmọ kékeré yẹn, pé kò sí Candyman kankan, èèyàn burúkú kan lásán ni. Ẹ̀yìn ìyẹn gan-an ló wá pàdé ẹ̀ níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, ó sì sọ ìdí ẹ̀ fún un, pé òun ló jẹ́ káwọn èèyàn máa ṣiyèméjì, òun ní láti ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó lè gbà á gbọ́ padà.

Lójú tèmi o, orí Candyman fúnra ẹ̀ ni ègún yẹn wà. Ẹnu àwọn èèyàn ló ń gbé e ró, ọjọ́ tí wọ́n bá dákẹ́ ó tán nìyẹn. Ta ló tún rí i bẹ́ẹ̀?

ÌkọIrin
Ọ̀gá, mi ò gbà. Wọ́n pè é, ó wá, pé ó pẹ́ kó tó dé ò ní kó má jẹ́ ìpè yẹn ló mú un wá. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn irú fíìmù yìí nìyẹn, apani tó ní òfin. Nínú àwọn fíìmù apani tó kù, ọkùnrin kan á wọ ìbòjú á máa lé àwọn ọ̀dọ́ kiri inú igbó, tó o bá mọ̀ ọ́n sá tàbí ọwọ́ ẹ tètè tó nǹkan tó mú, o lè yè é. Èyí tí ègún wà nínú ẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, kò síbi tó o fẹ́ sá gbà torí ẹnu ara ẹ lo fi pè é wọlé. Ìyẹn ló ń já mi láyà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní ìpè ò já mọ́ nǹkan kan, kí wá ni dígí ń ṣe níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin?

ÒǹwòranÒru
Mi ò ní kò já mọ́ nǹkan kan, mo ní kò tó ni. Ìpè ló ṣílẹ̀kùn, pé wọn ò gbà á gbọ́ mọ́ ló tì í wọlé.

MàmáAkàwé
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀, mo rí i pé ègún lẹ̀ ń pe gbogbo ẹ̀. Èpè, ẹnu ẹnì kan ló ti ń jáde lọ bá ẹnì kan, a máa ń ṣẹ́ ẹ ni, ó ní ẹni tó ṣẹ́ ẹ ó sì ní ẹni tí wọ́n ṣẹ́ ẹ fún. Ègún ní tiẹ̀ lè jókòó sórí ilẹ̀, sórí ilé, sórí ìran èèyàn, kí ẹni tó dá a sílẹ̀ ti kú tipẹ́tipẹ́. Nínú fíìmù yìí mi ò gbọ́ ibi tẹ́nì kankan ti ṣépè.

Ẹ rántí ìtàn tí ọ̀jọ̀gbọ́n Purcell sọ fún Helen lórí tábìlì oúnjẹ. Ẹrú ni bàbá ọkùnrin yẹn tẹ́lẹ̀, ó wá rí owó lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà torí ẹ̀rọ kan tó ṣe tí wọ́n fi ń ṣe bàtà lọ́pọ̀, ọmọ ẹ̀ kàwé, ó di ayàwòrán táwọn olówó ń wá. Lọ́dún 1890 olówó kan ní kó wá ya ọmọbìnrin òun, àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn, ọmọbìnrin yẹn lóyún. Bàbá ẹ̀ kó àwọn jàǹdùkú jọ, wọ́n fi irin tó ti dípẹtà rẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ọmọkùnrin yẹn, wọ́n jí afárá oyin wọ́n fi pa á lára, oyin sì ta á títí tó fi kú. Wọ́n dáná sun ún, wọ́n fọ́n eérú ẹ̀ sórí ilẹ̀ tí Cabrini-Green wà. Òun gan-an ò ráyè ṣépè fún wọn, irora ò jẹ́. Ilẹ̀ ni ègún yẹn jókòó lé, ẹni tó bá sì kọ́lé síbẹ̀ ló bá a níbẹ̀.

EtíỌ̀nà
Màmá, ẹ ṣeun gan-an, ìyàtọ̀ yẹn là mí lójú. Ẹ jẹ́ n fi díẹ̀ kún un. Orúkọ Daniel Robitaille tá a máa ń pe ọkùnrin yẹn báyìí, kò sí nínú fíìmù àkọ́kọ́ rárá, èkejì tó jáde lọ́dún 1995 tí wọ́n gbé lọ sí New Orleans ló fún un lórúkọ yẹn. Ìtàn tí Clive Barker kọ lọ́dún 1985 tí wọ́n ti yọ fíìmù yìí, England ló ti ṣẹlẹ̀, kò sí ayàwòrán níbẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ ẹrú. Ìgbà tí Rose gbé e lọ sí Chicago ni ègún yẹn tó rí ilẹ̀ jókòó lé, bí Màmá ṣe wí.

OjúKòrókòró
Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Candyman wà lóòótọ́. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀ o. Ẹ ronú sí i, ṣáájú kí wọ́n tó gbé e lọ sí ọsibítù, ìgbàkígbà tí wọ́n bá pa nǹkan, Helen ni wọ́n ń bá níbẹ̀. Ó jí nínú fláàtì Anne-Marie, ìyá ọlọ́mọ kan ní Cabrini-Green, ẹ̀jẹ̀ bò ó, orí ajá ti gé, ọmọ jòjòló ò sí níbùsùn mọ́, ọ̀bẹ sì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n pa Bernadette nínú ilé Helen, Helen náà ló wà níbẹ̀. Ní ọsibítù dókítà fi fídíò hàn án, ó ń pariwo lórí bẹ́ẹ̀dì pé ọkùnrin yẹn wà lórí òun, fídíò sì fi hàn pé kò sẹ́nì kankan. Obìnrin tí ọkọ ẹ̀ ń yan ọmọ iléèwé ẹ̀ lálè, tí wọ́n lù bí ẹni máa kú nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tó wá ń ka ìtàn ìpànìyàn tọ̀sán tòru, ọpọlọ ẹ̀ ló ṣíṣẹ́. Kò sí ègún kankan níbẹ̀.

ÒǹwòranÒru
Mo ti rò ó bẹ́ẹ̀ rí, nǹkan méjì ni ò jẹ́ kó dúró. Àkọ́kọ́, dókítà Burke. Wọ́n ti fi bẹ́líìtì de Helen mọ́ àga lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, ó wo dígí tó wà nínú ọ́fíìsì yẹn ó pè é, ìkọ́ sì gba ẹ̀yìn dókítà yọ síwájú. Báwo ló ṣe fi ọwọ́ tí wọ́n dè ṣe ìyẹn? Èkejì, Trevor ọkọ ẹ̀. Wọ́n ti sin Helen, ọkọ ẹ̀ wà ní balùwẹ̀, iná ti kú, ó ń sunkún ó ń pe Helen, Helen, ó pé márùn-ún, ó sì rí i lẹ́yìn ara ẹ̀ tòun ti ìkọ́. Òkú kì í yí lórí.

OjúKòrókòró
Ti dókítà, mo lè ní ojú Helen nìkan la fi rí i. Ti Trevor ni mi ò rí ìdáhùn sí. Kò sí ojú Helen tá a lè fi wò ó mọ́. Ẹ fún mi láyè kí n lọ tún un wò.

IlẹKùnKejì
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín látàárọ̀, ó wá ku ohun kan tẹ́nì kankan ò tíì fẹnu bà, òun ló sì ń bà mí lẹ́rù jù nínú fíìmù yẹn, Candyman ò tilẹ̀ sí níbẹ̀.

Ẹ rántí ibi tí Helen ti rí i nínú ìwé ìròyìn pé wọ́n pa obìnrin kan ní Cabrini-Green, ẹni tó pa á sì gba ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù oògùn balùwẹ̀ wọlé. Helen wá wádìí ilé tóun fúnra ẹ̀ ń gbé, ilé olówó ńlá, ó rí i pé ilé ìjọba ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ fún, pílánù kan náà pẹ̀lú Cabrini-Green, wọ́n kàn kùn ún wọ́n sì tà á fáwọn tó lówó torí àwọn ìjọba rí i pé kò sí nǹkan tó pààlà sáàárín ẹ̀ àti àdúgbò ọlọ́rọ̀. Ó lọ sí balùwẹ̀ ẹ̀, ó yọ kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, ihò ló wà lẹ́yìn ẹ̀, lódì kejì kọ́bọ́ọ̀dù fláàtì kejì. Èmi nígbà tí mo rí ibẹ̀, ara mi bù máṣọ.

Ìyẹn ò sì jẹ́ àròsọ. Lọ́dún 1987 obìnrin kan tó ń gbé nílé ìjọba ní Chicago, kì í ṣe Cabrini-Green, òmíràn ni, ó pe pọ́lísì lálẹ́ pé àwọn kan ń gba balùwẹ̀ wọlé bọ̀ wá bá òun. Pọ́lísì wá, wọ́n kanlẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó dáhùn, wọ́n lọ. Ọjọ́ kejì àwọn aládùúgbò ṣì ń pè, wọ́n tún wá, wọ́n tún lọ. Ìgbà tí wọ́n máa jálẹ̀kùn, wọ́n ti pa á. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù làwọn yẹn gbà wọlé, àwọn tó ń gbé ilé yẹn sì ti mọ̀ tipẹ́ pé àwọn olè ń gba ibẹ̀. Ìwé ìròyìn kan ní Chicago kọ ọ́ lọ́dún yẹn kan náà, ọdún márùn-ún kí fíìmù tó jáde.

Ó pè. Ẹ̀yin ń bára yín jiyàn bóyá ìpè ní agbára. Obìnrin yìí pe àwọn tó yẹ kó wá, wọ́n wá, wọ́n sì padà. Nínú fíìmù náà wọ́n pa èèyàn méjì ní Cabrini-Green, kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn, wọ́n wá lu Helen tó jẹ́ òyìnbó lẹ́ẹ̀kan péré, pọ́lísì kún gbogbo ilé yẹn wọ́n sì mú ẹni tó lù ú. Tẹ́ ẹ bá ń wá orí tí ègún wà, ẹ wo àwọn tí wọ́n bá pe pọ́lísì tí kò ní wá, tó wá jẹ́ Candyman nìkan ló máa ń jẹ́ ìpè wọn.

MàmáAkàwé
Ọmọ mi, o sọ̀rọ̀. Mi ò ní nǹkan kan fi kún un.

ÌkọIrin
Ìyẹn wọ̀ mí lára. Ó sì tún mú mi rántí ohun tí mi ò tíì fìgbà kankan dárí jin fíìmù yìí. Olówó funfun ló ní kí wọ́n pa ọkùnrin yẹn. Ó wá di òkùnkùn tó ní ìkọ́, ta ló lọ ń pa? Àwọn tálákà aláwọ̀ dúdú, àwọn tí wọn ò mọwọ́ mọsẹ̀. Ọmọ kékeré tí wọ́n ní wọ́n gé nǹkan ọkùnrin ẹ̀ nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ló fi ṣẹ̀ ẹ́? Ìran olówó yẹn wà níbì kan tí wọ́n ń jẹ̀gbádùn. Ẹ̀san tó lọ bá ẹni tí ò mọ nǹkan kan, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń pè é.

ÒǹwòranÒru
Ọ̀rọ̀ ẹ dùn mí torí òótọ́ ni. Ìdí sì rèé tí mo fi ní orí òun náà ni ègún wà. Kò yan ẹni tó ń pa. Ibi tí wọ́n bá ti ń sọ ìtàn ẹ̀ ló ti ní agbára, ìran olówó yẹn ti gbàgbé ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń dá orúkọ ẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó ń rántí ẹ̀ ló wá ń jìyà ẹ̀. Ìyẹn burú ju ikú tí wọ́n pa á lọ.

ÌkọIrin
Hmm. Àwọn tó ń rántí ẹ̀ ló ń jìyà ẹ̀. Mo gbà fún ẹ níbẹ̀ yẹn, mo ṣì di ọ̀rọ̀ dígí mi mú sá.

Awòfíìnífíìní
Lórí ọ̀rọ̀ dígí, Giovanni Caputo, onímọ̀ kan nílẹ̀ Ítálì, gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 2010. Ó ní kí èèyàn 50 jókòó síwájú dígí nínú yàrá tí iná ò mọ́lẹ̀ dáadáa, kí wọ́n tẹjú mọ́ ojú ara wọn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èèyàn 66 nínú ọgọ́rùn-ún sọ pé ojú àwọn yí padà burúkúburúkú, àwọn kan rí òbí wọn, àwọn kan rí ẹni tí wọn ò mọ̀ rí, àwọn kan rí abàmì. Téèyàn bá tẹjú mọ́ nǹkan kan pẹ́ títí, ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn apá tí ò yí padà rẹ́, á wá máa fi tinú ẹ̀ dí àlàfo yẹn. Ìdí nìyẹn tí dígí fi dáa fún ìpè, mo lérò pé o ò ní rí bẹ́ẹ̀ tó o bá pè é síwájú ògiri lásán.

ẸyẹÒwúrọ̀
Mi ò ní wo dígí balùwẹ̀ lálẹ́ òní, ẹ ṣeun. Ìbéèrè tèmi kéré: ṣé oyin gidi ni wọ́n fi ṣe ibi tí oyin ti ń tú jáde lẹ́nu Candyman?

EtíỌ̀nà
Oyin gidi ni. Wọ́n lo àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láyé tí oró wọn ò tíì le, Tony Todd, ẹni tó ṣe Candyman, kó wọn sẹ́nu, nǹkan kan ló fi dí ọ̀fun kí wọ́n má bàa wọlé. Òun fúnra ẹ̀ sọ pé òun bá wọn ṣàdéhùn 1,000 dọ́là fún oyin kọ̀ọ̀kan tó bá ta òun, ó sì ní ìgbà 23 ni wọ́n ta òun. Ti Madsen náà, Rose máa ń mú kó wọ inú bí oorun bí ojúran kí wọ́n tó ya ibi tí òun àti Candyman ti pàdé, ojú tó ń rọ̀ tó sì ń dà bí ẹni tí ò sí níbẹ̀ yẹn, kì í ṣe pé ó ń díbọ́n nìkan. Àti orin Philip Glass, dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹgbẹ́ akọrin, ẹ gbọ́ ọ lọ́tọ̀ láìwo fíìmù, bí ẹni ń sìnkú ọba ni. Todd kú ní oṣù kọkànlá 2024. Kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, kò sẹ́ni tó tún máa ní ohùn yẹn.

AtẹléÌparí
Ẹ ò tíì mẹ́nu ba ti 2021, tí Nia DaCosta ṣe. Ọ̀rọ̀ ÒǹwòranÒru wà níbẹ̀ kedere. Wọ́n ti wó ilé gíga Cabrini-Green, èyí tó gbẹ̀yìn nínú wọn wó lọ́dún 2011, àwọn ọlọ́rọ̀ ló ń gbé àdúgbò yẹn báyìí. Wọ́n wá ń sọ ìtàn Helen fúnra wọn, báwo ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́? Wọ́n ní obìnrin kan ló ya wèrè, ó gé orí ajá, ó fẹ́ fi ọmọ jòjòló rúbọ nínú iná. Bẹ́ẹ̀ àwa tá a wo ti 1992 mọ̀ pé inú iná yẹn ló ti gbé ọmọ náà jáde, iná náà ló sì pa Helen fúnra ẹ̀. Ṣé ẹ wá rí ohun tí ìtàn ń ṣe? Ó gbé e ró o, àmọ́ kì í gbé e ró bó ṣe rí.

Ọmọ jòjòló yẹn, Anthony, ti dàgbà, ó di ayàwòrán. Burke tó ń fọṣọ, kì í ṣe dókítà yẹn o, sì sọ fún un pé Candyman kì í ṣe ẹnì kan, afárá ni, ọ̀pọ̀ ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n pa láìṣẹ̀ láìrò, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ní ìparí, Brianna, ọ̀rẹ́bìnrin Anthony, wà nínú mọ́tò pọ́lísì, àwọn ọlọ́pàá ń kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ pé ó ṣẹlẹ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun wo ara òun nínú dígí tí awakọ̀ fi ń wo ẹ̀yìn, ó pè é lẹ́ẹ̀marùn-ún. IlẹKùnKejì, ìpè tẹ́ ẹ sọ yẹn, ẹni tó yẹ ló wá jẹ́ ẹ lọ́tẹ̀ yìí.

IlẹKùnKejì
Mo sunkún níbẹ̀ yẹn. Mo mọ̀ pé èèyàn ń kú, mo sì sunkún.

OjúKòrókòró
Mo ti tún ti 1992 wò, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ ní sùúrù fún mi. Mo gbà lórí ọ̀rọ̀ Trevor. Àmọ́ mo rí nǹkan kan tí mi ò kíyè sí rí. Ìgbà tí Helen ń gba inú ihò ògiri kọjá ní Cabrini-Green, kámẹ́rà sún sẹ́yìn, ojú Candyman ni wọ́n yà sára ògiri yẹn, ihò yẹn ló sì jẹ́ ẹnu ẹ̀. Inú ẹnu ẹ̀ ni Helen ti jáde.

ÒǹwòranÒru
Ẹnu. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti wò ó tí mi ò rí ìyẹn so pọ̀.

OjúKòrókòró
Ẹ wá dúró o. Àwòrán tó gbẹ̀yìn fíìmù yẹn gan-an, Helen ni wọ́n yà sára ògiri, aṣọ funfun ló wọ̀, iná ń jó lórí ẹ̀ bí ẹni mímọ́. Ta ló yà á? Candyman ló jẹ́ ayàwòrán nígbà ayé ẹ̀.

MàmáAkàwé
Àwọn tó rìn wá síbi ìsìnkú ẹ̀ ló yà á. Ẹ rántí, ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti Cabrini-Green, Anne-Marie wà níwájú, Jake ló ju ìkọ́ yẹn sínú ibojì. Àwọn náà ló ya Candyman tẹ́lẹ̀.

OjúKòrókòró
Kí wá ni wọ́n yà á fún, Màmá? Ṣé ìmoore ni àbí ìbẹ̀rù?

MàmáAkàwé
Wo ojú tí wọ́n yà fún un. Kò wo ọmọ, kò wo iná. Ẹni tó ń bọ̀ ló ń wò.